Obìnrin Tó Mọ Ìbéèrè Bi: Ọ̀rọ̀ Lórí Montserrat Roig ti Barcelona

   

Ìlú Barcelona ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ ìlú yìí, bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká gbé bọ́ọ̀lù tì ná. Òǹkọ̀wé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin ni, Montserrat Roig lorúkọ rẹ̀. Ó kọ ìtàn àròsọ, ó sì ṣe iṣẹ́ ìròyìn, kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọdún 1991. Ẹni ọdún 45 péré ni nígbà náà.

Àwọn kan máa ń pín ayé rẹ̀ sí méjì. Wọ́n á ní oníròyìn rèé, wọ́n á ní òǹkọ̀wé rèé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe. Ó ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n rántí, ó ń jókòó tẹ́tí sí wọn, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà míì, ó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Nígbà míì, ó fi í sẹ́nu ẹni tí òun fúnra rẹ̀ finú rò. Ìbéèrè kan náà ni, etí kan náà ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń bọ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà. Catalonia wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Sípéènì. Òkè Pyrenees ló wà láàárín òun àti ilẹ̀ Faransé, òkun Mẹditaréníà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ní èdè tiwọn, èdè Catalan. Kì í ṣe èdè Sípéènì tí wọ́n sọ dìdàkudà o. Èdè tó dá dúró ni, ó sì ti tó bí 800 ọdún tí wọ́n ti ń fi kọ nǹkan sílẹ̀.

Ní ọdún 1936, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì. Ọ̀gágun Francisco Franco àtàwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jà á. Franco ló borí ní 1939, ó sì jókòó lé orílẹ̀-èdè náà lórí títí ó fi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1975. Kí ló wá dé bá èdè Catalan? Wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n lé e kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n lé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lé e kúrò lórí rédíò. Inú ilé ló sá sí.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Montserrat Roig sí ní oṣù kẹfà ọdún 1946. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, Tomàs Roig i Llop, ó sì tún máa ń kọ̀wé. Adúgbò Eixample ni wọ́n ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe adúgbò yìí fún yín díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Títì ibẹ̀ gún régé, ọ̀kan dá èkejì lọ́nà, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé igun àwọn ilé kúrò kí oríta lè fẹ̀. Bí ẹ bá dúró níwájú ilé, ẹ ó rí òkúta tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà àti irin tí wọ́n rọ bí òdòdó. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ẹ̀yìnkùlé yìí kọjú síra wọn yí àgbàlá kan ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fọ aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá a, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń gbọ́ ohun tó ń lọ lódì kejì. Ọmọbìnrin tó bá létí nílẹ̀, kò ní í wá ọ̀rọ̀ tì níbẹ̀.

Nílé, Catalan ni wọ́n ń sọ. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn sísítà Kátólíìkì, èdè Sípéènì nìkan ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín rí nítorí pé ẹ sọ Yorùbá nínú kíláàsì, n kò ní láti la eléyìí yé yín.

Ta ló wá là á lójú sí i pé èdè ilé bàbá rẹ̀ ní ìwé, ó sì ní ìtàn? Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Maria Aurèlia Capmany, òǹkọ̀wé obìnrin tí òun àti Ricard Salvat jọ dá ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé Adrià Gual sílẹ̀. Roig lọ kọ́ eré níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ Yunifásítì Barcelona, ó sì gboyè jáde ní 1968.

Àwọn ọdún yẹn kì í ṣe ọdún ìwé nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 1966, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ìjọba kò ní í lọ́wọ́ sí. Ibo ni wọ́n á ti ṣèpàdé? Àwọn mọ́ńkì Capuchin tó wà ní adúgbò Sarrià ní Barcelona gbà wọ́n sílé. Ọlọ́pàá yí ilé náà ká, wọ́n ní kí gbogbo wọn jáde. Wọn kò jáde. Inú ilé náà ni wọ́n sùn títí di ọjọ́ kẹta, kí ọlọ́pàá tó fipá wọlé. Roig wà nínú wọn, ọmọ ọdún 19 ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1970, ó tún ṣẹlẹ̀. Ilé ẹjọ́ ológun ní ìlú Burgos ń dá ẹjọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ajìjàgbara ẹ̀yà Basque kan, ẹjọ́ ikú sì ni ìjọba fẹ́ dá fún àwọn kan nínú wọn. Nǹkan bí 300 òǹkọ̀wé, olórin, ayàwòrán àtàwọn onímọ̀ gun òkè kan tí òun náà ń jẹ́ Montserrat lọ, wọ́n ti ara wọn mọ́ inú ilé àwọn mọ́ńkì tó wà níbẹ̀ láti fi hàn pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Roig tún wà níbẹ̀.

Ẹnì kan lè máa bi mí pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ mọ́ńkì ni wọ́n máa ń sá sí? Ìbéèrè gidi ni, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé Roig fúnra rẹ̀ wọ PSUC, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Catalonia. Kọ́múníìsì lábẹ́ òrùlé mọ́ńkì! Àdéhùn kan ló fà á. Ìjọba Franco àti Póòpù jọ tọwọ́ bọ̀wé ní 1953, pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ ṣàdédé já wọ ilé ìjọ. Ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní alágbàwí Kátólíìkì kò sì lè tètè ba ohun tó fọwọ́ sí jẹ́. Abẹ́ ìbòrí yìí kan náà ni wọ́n ti ń tẹ magasíìnì Serra d'Or jáde ní òkè Montserrat, ní èdè Catalan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn kò ráàyè mí.

Nínú Serra d'Or yìí ni iṣẹ́ ìròyìn Roig ti gbilẹ̀. Iṣẹ́ kí ni? Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Ó ń lọ sílé àwọn òǹkọ̀wé àgbà, àwọn tí ogun ti lù, àwọn tó sá kúrò nílùú tí wọ́n sì padà. Ó lọ bá Salvador Espriu, akéwì. Ó lọ bá Mercè Rodoreda, obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ní Faransé àti Geneva lẹ́yìn ogun. Kì í kọ ìbéèrè sí òkè kó kọ ìdáhùn sí ìsàlẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ rí àga tí ẹni náà jókòó lé, kí ẹ rí bó ṣe ń gbé ọwọ́, kí ẹ gbọ́ ibi tó ti dákẹ́. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó kó àwọn iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé mẹ́ta tó pè ní Retrats paral·lels. Nígbà tí Franco kú, tí tẹlifíṣàn Sípéènì fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ fún èdè Catalan, òun náà ló wà lórí ètò Personatges, tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò níwájú kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró síbi tó yẹ ká dúró sí. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, n kò ní í mú ìtàn àròsọ kankan. Iṣẹ́ ìròyìn ni màá mú, ìyẹn ìwé ńlá tó jáde ní 1977, Els catalans als camps nazis, àwọn ará Catalonia nínú àgọ́ àwọn Násì.

Ṣé ará Catalonia wà nínú àgọ́ Hitler ni? Wọ́n wà níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀, nígbà tí Sípéènì kò bá Hitler jà? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1939, Barcelona bọ́ sọ́wọ́ Franco. Àwọn tó gba òkè Pyrenees sá lọ sí Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù. Ìgbà òtútù ni, àwọn míì ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn míì gbé ọmọ pọ̀n. Faransé kó wọn sí àgọ́ létí òkun, lórí iyanrìn gbalasa. Kò pẹ́ tí ogun àgbáyé fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin lọ síbi iṣẹ́ odi ogun. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé ní 1940, ó kó àwọn ọkùnrin náà mọ́ ẹrú. Ìjọba Franco kò sì yọjú pé ọmọ ilẹ̀ òun ni wọ́n. Wọ́n gbé wọn lọ sí Mauthausen, ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, nítòsí odò Danube. Àmì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ wọn jẹ́ aláwọ̀ búlúù, onígun mẹ́ta, àmì ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè. Lẹ́tà S wà láàárín rẹ̀, S ti Sípéènì. Ẹ rí i bí ó ṣe rí. Àmì kan náà ló ní wọn kò nílùú, òun náà ló dárúkọ ìlú wọn.

Ibi ìfọ́kùúta wà ní Mauthausen. Àtẹ̀gùn 186 ló ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá sókè. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n á gbé òkúta lé èjìká, wọ́n á gun àtẹ̀gùn náà, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ wá gbé òmíràn. Ẹni tó bá ṣubú, kò dájú pé á dìde. Àwọn ọmọ Sípéènì tó wọ Mauthausen àtàwọn àgọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní 7,000. Nǹkan bí 5,000 nínú wọn kò jáde láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ ojú irin kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1940, ó gbéra láti Angoulême ní ilẹ̀ Faransé. Èèyàn 927 ló wà nínú rẹ̀, tọkọ taya tọmọ, àwọn tó sá fún Franco. Wọ́n rò pé apá Faransé tí ọwọ́ Jámánì kò tíì tẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn lọ. Mauthausen ni ọkọ̀ náà dúró. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọkùnrin tó ti ń bàlágà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn ìyá àtàwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́? Ọkọ̀ náà gbé wọn padà sí Sípéènì, sọ́wọ́ Franco gan-an tí wọ́n ti sá fún.

Nígbà tí Roig bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, Franco ṣì wà láàyè. Josep Benet, òpìtàn, ló pè é sí i. Ó wá àwọn tó kù nínú wọn kiri, ní Catalonia àti ní Faransé. Àgbàlagbà ni wọ́n ti dà. Ẹni tó padà sí Sípéènì nínú wọn ti fi ọgbọ̀n ọdún pa ẹnu mọ́, torí pé ọ̀tá ìjọba ni wọ́n kà á sí. Àwọn kan kò tíì rò ó tán fún ìyàwó àti ọmọ wọn rí. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún wá jókòó síwájú wọn, ó ní, ẹ bá mi sọ ọ́. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Kí ni wọ́n sọ fún un? Wọ́n sọ ti ebi, wọ́n sọ ti ẹni tó pín búrẹ́dì rẹ̀ àti ẹni tó jí búrẹ́dì ẹlòmíì. Roig kò fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi gba ìwé náà gbọ́. Ìtàn Francesc Boix ọmọ Barcelona náà wà níbẹ̀. Ayàwòrán ni Boix, inú yàrá tí àwọn Násì ti ń fọ fọ́tò ni wọ́n fi í sí ní Mauthausen. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jí fíìmù àwòrán ìwà ìkà àwọn Násì kó pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe gbé e jáde nínú àgọ́? Àwọn ọmọkùnrin Sípéènì kan wà tí wọ́n máa ń kó lọ ṣiṣẹ́ níta, láàárín ìlú. Àwọn ni wọ́n gbé e jáde, obìnrin ará Ọ́sítríà kan tó ń jẹ́ Anna Pointner sì gbà á, ó fi pamọ́ sínú ògiri ọgbà ilé rẹ̀. Ogun parí, wọ́n lọ gbà á. Ní 1946, Boix dúró níwájú ilé ẹjọ́ Nuremberg tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọ̀gá Násì, ó na ìka sí àwòrán, ó ní ẹni báyìí wá sí Mauthausen, mo rí i. Àwọn ọ̀gá Násì tó ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa àgọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Roig kò gbàgbé àwọn obìnrin. Ó fọ̀rọ̀ wá Neus Català lẹ́nu wò, ọmọ abúlé Els Guiamets tó la àgọ́ Ravensbrück já. Ìyá yìí náà wá kó ẹ̀rí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé tirẹ̀ ní 1984. Ó pẹ́ láyé, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 2019.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìbéèrè ló bí ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìtàn àròsọ rẹ̀, bóyá ohun mìíràn ló bí ìyẹn.

Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn kéékèèké, ó sì gba ẹ̀bùn Víctor Català ní ọdún 1970 tó gun òkè Montserrat yẹn. Víctor Català dún bí orúkọ ọkùnrin, àbí? Obìnrin ni o. Caterina Albert lorúkọ rẹ̀, ó fi orúkọ ọkùnrin bo ara kí wọ́n lè jẹ́ kó kọ ohun tó fẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ramona, adéu jáde ní 1972. Ramona mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ìyá àgbà, ìyá, àti ọmọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí èkejì. Ní oṣù kẹta ọdún 1938, àwọn bàálù Ítálì tó ń bá Franco jà rọ̀jò bọ́ǹbù lé Barcelona lórí. Bọ́ǹbù kan já nítòsí sinimá Coliseum, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ramona kejì, tó wà nínú oyún, jáde lọ wá ọkọ rẹ̀ láàárín àwọn òkú. Ó ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíì nínú ìlú tí eruku ti bò. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ó gbáyé fúnra rẹ̀, tí kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ rárá. Ó ń fojú òpè wo ìyá rẹ̀. Kí ló fà á? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Ìwé tó tẹ̀ lé e ni El temps de les cireres, ìgbà èso ṣẹ́rì. Ó gba ẹ̀bùn Sant Jordi ti ọdún 1976. Nínú rẹ̀, Natàlia Miralpeix ti kúrò nílùú fún ọdún 12, ó padà dé sí Barcelona ní 1974. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Salvador Puig Antich, ọ̀dọ́kùnrin ajìjàgbara kan, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà láàárín ìlú náà. Kí ni Natàlia bá nílé? Ó bá ẹbí tó ń ra ohun èlò ilé tuntun, tó ń jẹ, tó ń mu, tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn ìwé yìí gan-an ni. Roig kò bú wọn, ó kàn jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló sì tú wọn fó.

Ó yẹ kí ẹ mọ òfin tí àwọn obìnrin inú ìwé wọ̀nyí wà lábẹ́ rẹ̀. Títí di 1975, obìnrin abilékọ ní Sípéènì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọkọ rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ oṣù tàbí kó ṣí àkáǹtì ní báńkì. Lẹ́yìn tí Franco gba ìjọba, kò sí ìkọ̀sílẹ̀ mọ́ títí di 1981. Roig fúnra rẹ̀ ti ṣègbéyàwó, ó ti pínyà, ọmọkùnrin méjì ló ń tọ́, ìwé kíkọ ló sì fi ń jẹun. Nígbà tó bá kọ̀wé nípa ẹ̀tọ́ obìnrin nínú ìwé ìròyìn, kì í ṣe ohun tó kà níbì kan ló ń sọ.

L'hora violeta ti 1980 le díẹ̀. Ó ń fò láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan sí òmíràn, àtẹnu lẹ́tà, àtẹnu ìwé ìrántí. Mo ti rí ẹni tó pa á dé ní ìdajì, n kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni Norma. Iṣẹ́ kí ni Norma ń ṣe? Oníròyìn ni, ó sì ti kọ̀wé nípa àwọn ará Catalonia tó lọ sí àgọ́ Násì. Roig mú iṣẹ́ ara rẹ̀, ó fi lé obìnrin inú ìtàn lọ́wọ́, ó wá ń bi í pé, ìwọ tí o gbọ́ gbogbo ìyẹn, báwo lo ṣe fẹ́ máa gbé nínú ilé, kí o máa dáná, kí o máa fẹ́ ọkùnrin, bí ẹni pé o kò gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní oníròyìn yàtọ̀ sí òǹkọ̀wé, ibo lẹ fẹ́ fi Norma sí?

Àwọn ìwé míì tẹ̀ lé e tí n kò ní í pẹ́ lórí wọn. L'òpera quotidiana ni ti alápatà kan, Horaci Duc, tó ń ròyìn ìgbéyàwó rẹ̀ fún obìnrin kan. La veu melodiosa jáde ní 1987. Yàtọ̀ sí ìwé kíkọ, Roig tún lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ni ní Glasgow ní Skọ́tlándì, ó sì kọ́ni ní Arizona ní Amẹ́ríkà.

Àmọ́ n kò lè fo ìlú Leningrad nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1980, ilé ìtẹ̀wé kan ní Moscow pè é wá láti kọ̀wé nípa ọdún 1941 sí 1944, nígbà tí ogun Jámánì sàga ti ìlú náà fún nǹkan bí 900 ọjọ́, tí ebi sì pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn. Oṣù méjì ló lò níbẹ̀. Kí ló ṣe? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ó wá àwọn arúgbó kàn, àwọn obìnrin pàápàá, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Ó kọ ìwé tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ sí. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún ọ̀rọ̀ náà kọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ, ó pè é ní L'agulla daurada, abẹ́rẹ́ wúrà, nítorí ilé ìṣọ́ kan ní Leningrad tí orí rẹ̀ ga ṣónṣó tó ń dán. Ìwé yẹn gba ẹ̀bùn ńlá ti ìwé Catalan ní 1986.

Ìgbà wo ló wá sinmi? Kò sinmi. Ní 1990, ìwé ìròyìn Avui gbà á láti máa kọ ojú ewé kékeré kan lójoojúmọ́. Avui ni ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àkọ́kọ́ tó jáde ní èdè Catalan ní Barcelona lẹ́yìn ikú Franco, ní oṣù kẹrin ọdún 1976. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ tó ń kọ̀wé níbẹ̀ yìí, nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn kò fi èdè yìí kọ́ ọ. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú ti mú un. Ó ń kọ, ó ń gba ìtọ́jú, ó tún ń kọ. Ó kọ nípa ogun, ó kọ nípa Barcelona tó ń palẹ̀ mọ́ fún ìdíje Òlíńpíìkì 1992, ó kọ nípa nǹkan ẹ̀rín. Ìwé kan tún jáde ní ọdún 1991 yẹn, tó sọ nínú rẹ̀ bí ìwé kíkọ àti ìwé kíkà ṣe rí lára rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ni ó kú. Òlíńpíìkì tó ń kọ̀wé lé lórí kò ṣojú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn iṣẹ́ Avui náà jọ sínú ìwé ní ọdún kejì.

Àwọn kan nínú yín á fẹ́ mọ ìwé tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Àwọn tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ díẹ̀ sí i láti ọdún mélòó kan: Ramona, adéu wà níbẹ̀, El temps de les cireres wà níbẹ̀, El cant de la joventut náà wà níbẹ̀, ìyẹn ìtàn kéékèèké tó kọ ní 1989. Ẹni tí kò bá ní àsìkò púpọ̀, kó fi àwọn ìtàn kéékèèké yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà láàyè, kó ka Ramona. Ẹ má fi L'hora violeta bẹ̀rẹ̀ o, ẹ ó kàn bínú sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Sípéènì, ìwé àgọ́ Násì náà wà fún yín. Ó gùn, ó sì wúwo lọ́kàn, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a ó dúró ní Catalonia, a ó sọ̀rọ̀ nípa Mercè Rodoreda tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan.